Ta Ni Àlejò Nínú Ilé Olúwa?

Ẹ ti gbọ́ ọ rí tí wọ́n ń sọ pé "ìjọ Àgùdà." Ọ̀pọ̀ wa rò pé Kátólíìkì lásán ni orúkọ náà túmọ̀ sí. Ṣùgbọ́n orúkọ àwọn àlejò ni.

Àgùdà ni a ń pe àwọn ènìyàn wa tí a kó lẹ́rú lọ sí Brazil àti Cuba, tí wọ́n gba òmìnira, tí wọ́n sì tún la òkun padà wá. Lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ẹrú dì ní Bahia lọ́dún 1835, ojú pọ́n wọn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì kọrí sí Èkó àti Àjàṣẹ́. Èdè Potogí ló wà lẹ́nu wọn, aṣọ òyìnbó ló wà lọ́rùn wọn. Àjèjì ni wọ́n lójú onílé, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé pọ̀ nínú wọn.

Wọn kò ní àlùfáà kankan. Ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Padre Antonio, ẹni tó ti jẹ́ ẹrú rí, tí ẹnikẹ́ni kò sì fi joyè àlùfáà, ni ó ń kó wọn jọ fún àdúrà, tí ó ń ṣèrìbọmi fún ọmọ wọn, tí ó sì ń sin òkú wọn. Nígbà tí Fádà Borghero bẹ Èkó wò lọ́dún 1863, ìjọ ló bá nílẹ̀. Ọdún 1868 ni àwọn fádà tó dé láti tẹ̀dó. Èmi tí mo lọ ilé ẹ̀kọ́ Bíbélì tí mo sì gba ìwé ẹ̀rí, ọ̀rọ̀ yìí máa ń tẹ orí mi ba.

Kí àwa ìjọ yòókù má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn Kátólíìkì nìkan nìyí. Àwọn Sàró tó ń padà bọ̀ láti Freetown láti bí ọdún 1839 ni wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn míṣọ́nnárì wá sí Abẹ́òkúta.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí Kòsọ́fẹ̀ẹ́ wa níbí. Tòmátì àti àlùbọ́sà tí ẹ ń sè lọ́jọ́ Àìkú, láti Òkè Ọya ni ọkọ̀ ti ń gbé púpọ̀ nínú wọn wá sí Mile 12. Síbẹ̀, ní oṣù kẹta ọdún 2016, Yorùbá àti Haúsá dojú ìjà kọ ara wọn níbẹ̀, ẹ̀mí ṣòfò, Gómìnà Ambode sì ti ọjà náà pa. Nínú Léfítíkù 19:34, Ọlọ́run pàṣẹ pé kí àlejò dàbí ọmọ ìbílẹ̀ lójú wa, ó sì sọ ìdí rẹ̀ fún Ísírẹ́lì: àlejò ni àwọn náà ní Íjíbítì.

Ní Chicago, ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn, àwọn ará Poland, Jámánì àti Ítálì tó ṣí wá ní ìjọ Kátólíìkì tiwọn, níbi tí fádà ti ń wàásù ní èdè wọn. Lónìí, àwọn ọmọ wa wà nínú àwọn àlejò ìlú náà. Bí ọmọ yín bá pè yín lórí fóònù pé ìjọ òyìnbó kan fún àwọn ní gbọ̀ngàn láti máa fi Yorùbá jọ́sìn, ṣé ẹ kò ní ké Halelúyà?

Ó dára. Ní ìjọ kan tí mo mọ̀ ní Ìkòsì, àwọn Ègùn mélòó kan bẹ̀bẹ̀ fún yàrá àwọn ọmọdé ní agogo méjì ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, kí wọ́n lè gbàdúrà ní èdè wọn. Òfìfo ni yàrá náà ń wà ní àsìkò yẹn. Alàgbà kan ní bí a bá gbà wọ́n láyè, wọn yóò gba ṣọ́ọ̀ṣì mọ́ wa lọ́wọ́. Òmíràn béèrè owó iná. Ìgbìmọ̀ yóò tún jókòó lé ọ̀rọ̀ náà lóṣù tó ń bọ̀. Ní báyìí, bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn ni àwọn Ègùn náà ń jókòó sí, wọ́n ń gbọ́ ìwàásù tí ìlàjì rẹ̀ kò yé wọn.