Ìran Wo Ni Kí A Rà? Ọ̀rọ̀ Lórí Ọkọ̀ Háíbíríìdì Tòkunbọ̀ ní Under G

Bí ènìyàn bá dúró ní Under G ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú Ṣọ̀ún, ọmọ ajílété, ní àárọ̀ ọjọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì LAUTECH ń rọ́ lọ sí kíláàsì, tí ọ̀kadà ń gba ọ̀tún sáré, tí kẹ̀kẹ́ Márúwá ń fún fèrè ní òsì, tí ọkọ̀ akérò sì dúró gbọn-in sáàárín títì láti já èrò, yóò rí i pé gbogbo ọkọ̀ tí ó tò síbẹ̀ ni ó ń jó epo láìrìn, àfi bóyá ọ̀kan ṣoṣo tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ti dákẹ́ síbẹ̀ tí ẹ́ẹ́sì rẹ̀ ń fẹ́, tí ọkàn awakọ̀ rẹ̀ sì balẹ̀. Háíbíríìdì ni wọ́n ń pe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀.

Nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fẹ́ fi ọwọ́ kàn án, nítorí wọ́n ní ọjọ́ tí bátìrì rẹ̀ bá kú ni ọkọ̀ náà kú. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, tí Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú kéde níbi ìbúra-wọlé rẹ̀ pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, tí epo bẹntiróòlù tí a ń rà ní nǹkan bí ₦190 fún lítà kan fi fò kọjá ₦500 láàárín ọjọ́ díẹ̀, tí ó sì lé ní ₦1,000 ní ọ̀pọ̀ ibi kí ọdún 2024 tó parí, àwọn tí ń sá fún un ti ń béèrè ibi tí a ti lè rí i rà. Ìbéèrè tí ó sì máa ń tẹ̀lé èyí ni pé ìran wo ni kí a rà nínú rẹ̀: èyí tí ó ti pẹ́ tí owó rẹ̀ mọ níwọ̀n ni, tàbí èyí tí ó dé láìpẹ́ tí owó rẹ̀ ga?

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a mọ bí ohun náà ti ń ṣiṣẹ́, nítorí àwọn kan ṣì rò pé a ní láti ki wáyà rẹ̀ bọ ara ògiri, kí a sì máa dúró de àwọn oníná kí a tó lè jáde nílé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Epo nìkan ni a ń rà sí i. Ẹ́ńjìnnì tí ń mu epo wà níwájú, mọ́tò oníná sì wà pẹ̀lú rẹ̀. Nígbà tí awakọ̀ bá tẹ bíréèkì, agbára tí ìbá di ooru lásán lára páàdì ni mọ́tò yìí ń gbà padà, tí ó ń dá a sínú bátìrì ńlá kan lẹ́yìn ọkọ̀, iná náà ni ọkọ̀ sì fi ń kọ́kọ́ ṣí nígbà tí ọ̀nà bá là. Nítorí náà, ibi tí ọkọ̀ yòókù ti ń fi epo ṣòfò jù, ìyẹn láàárín sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ, ni háíbíríìdì ti ń ṣọ́ epo jù. Lójú ọ̀nà Ìlọrin tí a ti ń sáré láìdúró, èrè náà dín kù, ṣùgbọ́n kì í tán.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìṣirò wò ó. Gẹ́gẹ́ bí ìdánwò ìjọba Amẹ́ríkà, Toyota Prius, tí í ṣe háíbíríìdì, ti ọdún 2004 sí 2009 ń rin nǹkan bí kìlómítà 19 sí 20 lórí lítà kan. Ti ọdún 2010 sí 2015 ń rin 21. Ti ọdún 2016 ń rin 22. Camry tí kì í ṣe háíbíríìdì, èyí tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní Muscle, tí ó jáde ní ọdún 2007, kò rin ju bí 10 lọ. Lójú ọ̀nà tiwa, pẹ̀lú kòtò àti gegele rẹ̀, gbogbo wọn ni yóò mu epo ju báyìí lọ, ṣùgbọ́n ààyè tí ó wà láàárín wọn kò ní yí padà púpọ̀. Ẹni tí ó bá lọ sí Ìbàdàn láti Ògbómọ̀ṣọ́ tí ó sì padà, ìrìn tí ó tó nǹkan bí 200 kìlómítà, yóò jó bí 20 lítà nínú Camry yẹn, yóò sì jó bí 10 nínú Prius tí ó pẹ́. Nínú Prius ti ọdún 2016 ńkọ́? Mẹ́sàn-án. Lítà kan péré àti díẹ̀ ni gbogbo ohun tí a tìtorí rẹ̀ fi owó rẹpẹtẹ kún owó lórí ọ̀rọ̀ epo! Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ẹni tí ó bá ń yan ìran ọkọ̀ háíbíríìdì nítorí epo nìkan kò tíì mọ ohun tí ó ń yàn. Àìsàn ni kí ó wò: irú èyí tí ìran kọ̀ọ̀kan máa ń ṣe, iye tí ìwòsàn rẹ̀ yóò gbà, àti ẹni tí ó mọ̀ ọ́n wò nítòsí.

Oṣù Kejìlá ọdún 1997 ni Prius kọ́kọ́ jáde ní Japan, ní ọdún 2000 ni ó sì di ohun tí wọ́n ń tà káàkiri ayé. Ìran àkọ́kọ́ yẹn kò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa, a ó sì fi í sílẹ̀. Ìran kejì jáde ní ìparí 2003, ìran kẹta ní 2009, ìran kẹrin ní ìparí 2015, ìkarùn-ún ní ìparí 2022. Nítorí pé ẹnu oníṣòwò ọkọ̀ dùn ju oyin lọ, kí ẹni tí ń rà má ṣe gba ọdún tí a pè fún un gbọ́. Nọ́ńbà kan tí ó ní àmì mẹ́tàdínlógún wà lára ọkọ̀, tí a lè kà láti ìta lábẹ́ gíláàsì iwájú, èyí tí a ń pè ní VIN. Nínú ọkọ̀ tí ó ti Amẹ́ríkà wá, àmì kẹwàá nínú VIN ni ó ń sọ ọdún ọkọ̀: 9 ni 2009, A ni 2010, F ni 2015, G ni 2016. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Ìran kejì, tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onílítà 1.5, jẹ́ ọkọ̀ tí ó le koko. Bí a bá ń yí epo ẹ́ńjìnnì rẹ̀ padà lásìkò, ẹ́ńjìnnì náà kì í yọni lẹ́nu. Ohun tí ń yọni lẹ́nu níbẹ̀ ni ọjọ́ orí, nítorí ọmọdé lè ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà: pọ́ńpù omi tí ń tu invẹ́tà rẹ̀, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń yí iná bátìrì padà fún mọ́tò, lára lè dákẹ́, dáṣíbọ́ọ̀dù rẹ̀ lè ṣókùnkùn lójijì tí awakọ̀ kò fi ní mọ eré tí òun ń sá, bátìrì ńlá rẹ̀ sì ti gbó bí kò bá jẹ́ pé wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Síbẹ̀, àìsàn tí a lè tọ́ka sí ni gbogbo ìwọ̀nyí, a sì lè ṣe wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan bí owó bá ti ń wọlé.

Ìran kẹta ni kí ẹni tí ń rà dúró lé lórí kí ó sì ronú dáadáa, nítorí òun ni ó dára jù lójú nínú àwọn tí apá mẹ̀kúnnù lè ká. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ onílítà 1.8, kò ní bẹ́líìtì kankan tí yóò já, àga rẹ̀ gbòòrò, ó sì ní agbára. Ṣùgbọ́n ọ̀nà kan wà nínú ẹ́ńjìnnì yìí, EGR ni wọ́n ń pè é, tí a fi ń dá díẹ̀ nínú èéfín padà sínú ẹ́ńjìnnì láti dín ooru ìjóná kù. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, èérí dúdú a dí ọ̀nà náà, ooru a máa pọ̀ sí i nínú sílíńdà, títí tọ́ọ̀pù gásíkẹ́ẹ̀tì yóò fi jó, tí omi yóò sì máa wọ ibi tí epo ti ń jó. Àmì rẹ̀ kò ṣòro láti mọ̀ fún ẹni tí ó bá dé ibi ọkọ̀ ní kùtùkùtù, kí oníṣòwò tó ti ṣáná sí i: ẹ́ńjìnnì yóò gbọ̀n jìgìjìgì fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ní ìṣíná àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà yóò fara balẹ̀ bí ẹni pé kò sí nǹkan kan, omi rédíétọ̀ yóò sì máa dín kù láìsí pé ó ń kán sílẹ̀ níbikíbi. Bí o bá bá ọkọ̀ náà ní gbígbóná, tí oníṣòwò ní òun ti ń wà á kiri láàárọ̀, sọ fún un pé o ń bọ̀ lọ́la. Yàtọ̀ sí èyí, ní oṣù Kejì ọdún 2014, Toyota pe nǹkan bí mílíọ̀nù 1.9 nínú ìran kẹta yìí padà káàkiri ayé nítorí invẹ́tà. Bí ọkọ̀ bá ti Amẹ́ríkà wá, a lè fi VIN rẹ̀ wo orí íntánẹ́ẹ̀tì bóyá wọ́n ti ṣe tirẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí léèrè, èrò tèmi ni pé ẹni tí owó rẹ̀ kò tó ra ti 2016 kò gbọdọ̀ rò pé ìran kẹta ni ó kàn. Bí a kò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Ìran kejì tí bátìrì rẹ̀ ti di ọ̀tun sàn ju ìran kẹta tí kò sí ẹni tí ó mọ ìgbà tí wọ́n fọ EGR rẹ̀ kẹ́yìn. Ẹni tí ó bá rí ìran kẹta tí wọ́n fọ̀, tí ó sì ṣíná ní tútù tí kò gbọ̀n, kí ó rà á láìfòyà.

Ìran kẹrin ni ó pegedé jù. Àwọn tí ó ṣe é tún EGR rẹ̀ ṣe, wọ́n mú ẹ́ńjìnnì rẹ̀ dé ibi pé ó ń sọ nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún agbára epo di iṣẹ́, wọ́n sì gbé bátìrì wá sábẹ́ àga ẹ̀yìn. Nínú àwọn kan, bátìrì lithium ni wọ́n fi síbẹ̀. Àbùkù rẹ̀ kò ju owó lọ, àti pé páàtì rẹ̀ kò tíì pọ̀ ní ọjà páàtì Gate ní Ìbàdàn bí ti àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́.

Àwọn kan wà tí Prius kéré lójú wọn, Camry ni wọ́n fẹ́. Háíbíríìdì Camry àkọ́kọ́, ti 2007 sí 2011, ń rin bí kìlómítà 14 lórí lítà kan. Ti 2012 sí 2017 ń rin bí 17, ẹ́ńjìnnì onílítà 2.5 rẹ̀ sì lágbára. Níbi Camry, èyí tí ó dé lẹ́yìn ni mo fara mọ́, n kò sì ní àríyànjiyàn kankan lé e.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ló kù. Nínú Prius ìran kejì àti ìkẹta, ègé 28 ni wọ́n so pọ̀, ègé kọ̀ọ̀kan jẹ́ fóòtì 7.2, gbogbo rẹ̀ sì lé díẹ̀ ní 200. Bí ègé kan bá rẹ̀, sikánà yóò kọ P0A80, àmì onígun mẹ́ta pupa yóò sì tàn lójú awakọ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n yọ ègé kan tàbí méjì tí ó kú, kí wọ́n fi èyí tí wọ́n yọ lára bátìrì Bẹ́líjíọ̀mù, ìyẹn àlòkù òkè òkun, dípò. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ọkọ̀ a sì rìn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ kan náà ni a bí àwọn ègé tí ó kù pẹ̀lú àwọn tí ó kú, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ni òmíràn yóò tún kọṣẹ́. Ẹni tí yóò ra ìran kejì, kí ó béèrè iye tí odindi bátìrì ń lọ, kí ó sì yọ ọ́ kúrò nínú owó tí oníṣòwò pè, àfi bí oníṣòwò bá lè fi ẹ̀rí hàn pé ọ̀tun ni.

Ooru àti eruku ni ọ̀tá bátìrì yìí, àwọn méjèèjì kò sì wọ́n ní agbègbè wa. Nínú ìran kejì àti ìkẹta, fáànù kékeré kan ń fa afẹ́fẹ́ inú ọkọ̀ láti tu bátìrì lára, ojú ihò rẹ̀ sì wà ní ẹ̀gbẹ́ àga ẹ̀yìn ní ọwọ́ ọ̀tún. Lásìkò ọyẹ́, eruku àti irun àga a máa kún abẹ́ fáànù náà títí yóò fi nípọn. Èyí tí ó tún burú ni ti àwa fúnra wa: lásìkò máńgòrò, a ó di àpò rẹ̀ sí àga ẹ̀yìn títí kan òrùlé, a ó sì fi dí ihò náà pátápátá, bátìrì a sì máa gbóná lábẹ́ ẹrù ní gbogbo ọ̀nà títí a ó fi dé Ọ̀yọ́ Aláàfin. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ yìí kan náà, tí arìnrìn-àjò ti ń ráhùn lé lórí láti ọdún pípẹ́, kò ṣe ọkọ̀ tí ikùn rẹ̀ wà nílẹ̀ bíi Prius lóore, nítorí náà kí a wo abẹ́ ọkọ̀ kí a tó san owó.

Mẹkáníìkì tí yóò wò ó gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ní sikánà tí ó sì mọ̀ ọ́n lò, kì í ṣe ẹni tí yóò kọ́kọ́ wá sítátà tàbí alternator kiri nínú ọkọ̀ tí kò ní èyíkéyìí nínú méjèèjì. Wáyà aláwọ̀ ọsàn tí ó gba abẹ́ rẹ̀ kọjá lè pa ènìyàn; rewáyà, oníṣẹ́ iná ọkọ̀, tí ó bá fẹ́ gé e wò, ẹ lé e kúrò níbẹ̀. Ó yà mí lẹ́nu pé LAUTECH, tí a dá sílẹ̀ ní 1990 tí ó sì ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ìmọ̀ ẹ̀rọ àti iná mànàmáná, kò jìnnà sí àwọn ọgbà mẹkáníìkì Ògbómọ̀ṣọ́, síbẹ̀ tí ọmọṣẹ́ inú ọgbà àti akẹ́kọ̀ọ́ inú yàrá-ìdánwò kì í fi bẹ́ẹ̀ pàdé.

Ẹni tí ó bá sì ti rà á tán, ìran yòówù kí ó jẹ́, kí ó má ṣe kọ́kọ́ sáré lọ kun ún ní ọ̀dà tàbí fi rédíò tuntun sí i. Kí ó gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tí ó mọṣẹ́, kí wọ́n yọ àga ẹ̀yìn rẹ̀, kí wọ́n fọ fáànù, kí wọ́n sì wo ìsàlẹ̀ ibẹ̀ dáadáa bóyá ìpẹtà tàbí ẹrẹ̀ gbígbẹ wà níbẹ̀, nítorí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí omi gbé ní Amẹ́ríkà ni wọ́n ti nù ní ànùdán tí wọ́n sì kó ránṣẹ́ sí wa.