Bí Àgbọn Ṣe La Òkun Kọjá Dé Ọ̀dọ̀ Wa

Ènìyàn díẹ̀ ni ó wà ní Rẹ́mọ tí kò mọ igi àgbọn. A ń rí i lẹ́yìn ilé ní Ṣágámù àti ní Ìkẹ́nnẹ́, a sì ń fi èso rẹ̀ jẹ gàrí àti àgbàdo sísè. Ṣùgbọ́n bí kòkó kì í ti í ṣe ọmọ ilẹ̀ wa, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni àgbọn jẹ́ àlejò. Ìtàn ìrìnàjò rẹ̀ ní ẹ̀kọ́ nínú fún àgbẹ̀. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ sọ ọ́ níhìn-ín.

Etí Òkun Íńdíà àti ti Òkun Pàsífíìkì ni ilé àgbọn. Ní ọdún 2011, àwọn onímọ̀ yẹ àgbọn tí ó ju 1,300 lọ wò láti oríṣiríṣi ilẹ̀, wọ́n sì rí i pé ìdílé ńlá méjì ni gbogbo wọn. Ọ̀kan ṣẹ̀ ní ìhà gúúsù Íńdíà àti àwọn erékùṣù ìtòsí rẹ̀; èkejì ṣẹ̀ ní àwọn erékùṣù gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà, níbi tí Òkun Pàsífíìkì ti bẹ̀rẹ̀.

Arìnrìnàjò tí ó gbáradì ni èso yìí. Èèpo rẹ̀ kún fún fọ́nrán tí afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn, èyí ni ọkọ̀ rẹ̀ tí kì í jẹ́ kí ó rì. Ìkarahun líle ni odi rẹ̀, kí omi iyọ̀ má baà wọlé. Ẹran funfun inú rẹ̀ ni oúnjẹ, omi rẹ̀ sì ni ohun mímu fún ọ̀dọ́ igi. Nínú ojú mẹ́ta tí ó wà ní ìdí rẹ̀, ọ̀kan rọ̀ ju ìyókù lọ. Ibẹ̀ ni èéhù ń gbà yọ. Ìdánwò kan tí a ṣe ní Hawaii, tí a sì tẹ ìròyìn rẹ̀ jáde ní ọdún 1941, fi hàn pé àgbọn tí ó ti léfòó lórí òkun fún 110 ọjọ́ ṣì le hù. Báyìí ni ó ṣe ti erékùṣù kan dé òmíràn láìsí ẹni tí ó gbìn ín.

Ṣùgbọ́n omi kò le gbé e dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹni tí yóò ti Òkun Íńdíà wá sí ìhà tiwa ní láti yí gúúsù Áfíríkà ká, níbi tí ìṣàn omi lílọ́ wọ́ọ́wọ́ ti ń ṣẹ́rí padà sí ìlà-oòrùn, tí omi tútù sì wà níwájú. Vasco da Gama àti àwọn atukọ̀ Potogí rẹ̀ gba ọ̀nà yìí dé Íńdíà ní ọdún 1498, wọ́n sì padà ní 1499. Lẹ́yìn èyí ni a gbin àgbọn sí erékùṣù Cape Verde. Láti ibẹ̀ ni ó ti dé etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, ó dé Puerto Rico ní 1549, ó sì dé Bahia ní ilẹ̀ Bràsíìlì ní 1553. Ìgbì òkun kò dé Ṣágámù. Ọwọ́ ènìyàn ni ó gbé e dé ibẹ̀.

Ẹ kíyèsí ohun tí ó tẹ̀lé èyí. Nítorí pé irúgbìn díẹ̀ ni ó pilẹ̀ àgbọn ìhà tiwa, ọmọ ìyá kan náà ni púpọ̀ nínú wọn. Àrùn tí ó bá le pa ọ̀kan le pa gbogbo wọn. A rí irú àrùn bẹ́ẹ̀ ní Awka ní ọdún 1917, ó sì hàn ní Tógò àti ní Gold Coast, tí í ṣe Gáná òde òní, ní 1932. Èso kéékèèké a kọ́kọ́ máa já bọ́, òdòdó a dúdú, imọ̀ a pọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, màrìwò a sì jẹrà. Níkẹyìn, ìtì igi nìkan ni yóò dúró bí òpó. Kò sí oògùn tí àgbẹ̀ le fi wò ó sàn.

Nítorí náà, kí àgbẹ̀ ṣe báyìí:

Kí ó má ṣe gba irúgbìn tàbí ọ̀dọ́ igi láti ibi tí àrùn bá wà.

Kí ó yan èso tí ó gbó dáadáa, láti ara igi púpọ̀ tí ara wọn le, kì í ṣe láti ara igi kan ṣoṣo.

Kí ó gbin wọn ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, kí àlàfo bí ẹsẹ̀ bàtà 27 sì wà láàárín igi kan àti èkejì.

Bí igi kan bá fi àmì àrùn yìí hàn, kí ó gé e, kí ó sì sun ún kíákíá. Ibùdó ìwádìí NIFOR ní ẹ̀ka kan fún àgbọn ní Àgbádárìgì. Kí ó béèrè ìmọ̀ràn níbẹ̀.

Àgbọn gíga a máa tó ọdún 6 sí 8 kí ó tó so, ṣùgbọ́n ó le máa so títí di ìgbà ọmọ-ọmọ ẹni tí ó gbìn ín. Òkun kò ní gbé òmíràn wá fún wa bí a bá fi ọwọ́ ara wa pa èyí tí a ní.