Ìfipábánilòpọ̀ àti Fífi Ìbálòpọ̀ Fìtínà Akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì: Ìtọ́jú àti Ìfẹjọ́sùn

Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá fipá bá lòpọ̀ ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú lọ́jọ́ náà gan-an, yálà ó fẹ́ fẹjọ́ sùn tàbí kò fẹ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, títí kan àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan, ló rò pé ó di dandan kí aláìsàn kọ́kọ́ gba ìwé lọ́wọ́ ọlọ́pàá. Kò rí bẹ́ẹ̀. Òfin ìlera Nàìjíríà ti ọdún 2014 kà á léèwọ̀ fún òṣìṣẹ́ tàbí ilé ìwòsàn láti kọ ẹni tó nílò ìtọ́jú pàjáwìrì, ìdí yòówù kó jẹ́.

Irú ìwà wo ni à ń sọ?

Kì í ṣe ìfipábánilòpọ̀ nìkan. Olùkọ́ tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ bá òun lòpọ̀ kí ó tó gba máàkì, ẹni tó ń fọwọ́ pa akẹ́kọ̀ọ́ lára nínú ọ́fíìsì, ẹni tó ń fi àwòrán ìhòòhò dẹ́rù bani, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fi ọtí tàbí oògùn mú ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó tó bá a lòpọ̀, gbogbo wọn ló hu irú ìwà yìí. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2019, ìwádìí ìkọ̀kọ̀ tí BBC ṣe ní Yunifásítì Èkó àti ní Yunifásítì Gánà gbé ọ̀rọ̀ máàkì yìí síta fún gbogbo ayé. Ẹni tó gbà nítorí ó ń bẹ̀rù pé òun yóò fìdí rẹmi kò tíì fọwọ́ sí i. Ọkùnrin pẹ̀lú lè fojú winá rẹ̀, ìtọ́jú kan náà ló sì tọ́ sí i.

Kí ló yẹ ní kíákíá?

Oògùn tó ń dènà HIV gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé. Bó bá ti yá tó ló ti dára tó, ọjọ́ 28 ni ẹ ó sì fi lò ó lójoojúmọ́. Oògùn ìdènà oyún pàjáwìrì lè ṣiṣẹ́ títí di ọjọ́ 5, ṣùgbọ́n agbára rẹ̀ ń dínkù bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́. Wọn yóò tún fún yín ní oògùn àwọn àrùn tó ń ràn nípa ìbálòpọ̀ àti abẹ́rẹ́ àjẹsára hepatitis B tí ẹ kò bá tíì gbà á. Bí ọjọ́ wọ̀nyí bá ti kọjá, ẹ ṣì wá, nítorí ìtọ́jú yòókù ṣì wà.

Bí ó bá ṣeé ṣe, ẹ má tíì wẹ̀, ẹ má sì fọ aṣọ tí ẹ wọ̀. Inú àpò bébà ni kí ẹ kó o sí, kì í ṣe inú ọ̀rá, nítorí pé ọ̀rá máa ń mú kí ohun tó tutù bàjẹ́. Bí ẹ bá fura pé wọ́n fi nǹkan sínú ohun mímu yín, ẹ tètè sọ fún dókítà, nítorí oògùn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ nínú ìtọ̀. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ kankan rẹ́ lórí fóònù. Ẹni tó ti wẹ̀ kò tíì pẹ́ jù o. Ẹ̀rí tí ẹ bá fi pamọ́ kò fi dandan mú yín fẹjọ́ sùn. Ó kàn ń jẹ́ kí ọ̀nà náà ṣí sílẹ̀ fún yín ni.

Ohun tí òṣìṣẹ́ ìlera gbọ́dọ̀ ṣe

Kí ó wá ibi kọ́lọ́fín, kí ó fetí sílẹ̀, kí ó má béèrè irú aṣọ tí ó wọ̀ tàbí ohun tó wá lọ sí yàrá olùkọ́. Kí ó gba àṣẹ kó tó ṣe àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan. Àyẹ̀wò ìbálé kò ní ìdí kankan nínú ìmọ̀ ìṣègùn, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti pè fún fífi òpin sí i láti ọdún 2018. Kí ó kọ ohun tí ó rí àti ohun tí aláìsàn sọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ó ti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ àṣírí le díẹ̀ ní ilé ìwòsàn yunifásítì, nítorí agbo ilé kan ni ọgbà náà jẹ́. Ẹni tó ń kọ káàdì lè jẹ́ ìyàwó olùkọ́ tí ọ̀rọ̀ kàn. Nítorí náà, kí òṣìṣẹ́ béèrè bóyá aláìsàn fẹ́ ìtọ́jú níbòmíràn. Ní Èkó, Mirabel Centre ti wà ní Ìkẹjà láti ọdún 2013, ó sì ń tọ́jú irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Ta ni a lè fẹjọ́ sùn?

Yunifásítì lè dá olùkọ́ dúró, ó lè lé e lọ, ó sì lè lé akẹ́kọ̀ọ́ jáde. Kò lè fi ẹnikẹ́ni sẹ́wọ̀n. Ilé ẹjọ́ ló lè ṣe èyí, láti ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Ẹ lè tọ ọ̀nà méjèèjì pọ̀. Ní ọdún 2018, akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀, gba ohùn olùkọ́ rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù níbi tó ti ń béèrè ìbálòpọ̀ nítorí máàkì. Yunifásítì lé olùkọ́ náà kúrò níṣẹ́, ilé ẹjọ́ sì rán an lọ sẹ́wọ̀n kí ọdún náà tó parí.

Ẹ kọ ọjọ́, ibi, ọ̀rọ̀ tí ó sọ àti orúkọ ẹni tó bá rí i sílẹ̀ nígbà tí kò tíì pa rẹ́ lọ́kàn. Ẹ fi ìwé ẹ̀sùn sílẹ̀, kí wọ́n sì lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tí yóò wà lọ́wọ́ yín. Ẹ mú ẹni tí ẹ fọkàn tán dání. Ẹ lè béèrè pé kí olùkọ́ mìíràn máàkì ìdánwò yín, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ yàrá yín, kí ìgbẹ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Àìróorunsùn, ìbẹ̀rù àti ìtìjú wọ́pọ̀ lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, wọ́n sì máa ń rọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn bí wọ́n bá rí alátìlẹ́yìn. Ẹni tí kò bá lè jẹun tàbí lọ sí kíláàsì lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nílò olùtọ́jú ọpọlọ. Ẹni tó bá ń ronú láti pa ara rẹ̀ nílò rẹ̀ lónìí, kí a má sì fi òun nìkan sílẹ̀.

Kí aláìsàn tó lọ, kí òṣìṣẹ́ fún un ní ọjọ́ ìpadàwá lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 2, àti ọjọ́ àyẹ̀wò HIV ní oṣù kẹta. Kí ó má kọ ìdí rẹ̀ sára káàdì.