Èdè-Ìperí àti Ìkọ́ni ní Yunifásítì: Ọ̀ràn Àkókó

Ìwádìí Ifẹ̀ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní 1970 fi hàn pé a lè fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì ní àkọ́yé. Ti yunifásítì le jù bẹ́ẹ̀, nítorí èrò kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ orúkọ. Èdè-Ìperí Yorùbá, tí Bámgbóṣé (1984) àti Awóbùlúyì (1990) ṣe olóòtú rẹ̀, dí lára àlàfo náà.

Ní Àkókó, ọ̀ràn tún ta kókó. Ẹ̀ka-èdè Yorùbá ni ti Ògbàgì. Ṣùgbọ́n ní Arigidi àti Òkè-Àgbè, èdè mìíràn ni ọmọ ń bá lẹ́nu ìyá rẹ̀. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá dé yunifásítì tí ó wà ní Àkùngbá láti 1999, èdè àkọ́kúntẹni ni Yorùbá àjùmọ̀lò pàápàá jẹ́ fún un. Olùkọ́ tí kò bá bi í léèrè ohun tí wọ́n ń pe nǹkan nílé rẹ̀ kàn fi àjèjì kan rọ́pò òmíràn ni.