Kí Ẹ Tó Yáwó Ra Ẹ̀rọ Ìgbohùnsílẹ̀ Tuntun

Ní ìgbà kan, ẹni tí ó bá fẹ́ gba orin sílẹ̀ ní láti wọkọ̀ lọ sí Èkó tàbí Ìbàdàn, kí ó lọ bẹ àwọn ilé iṣẹ́ tí ń ṣe àwo orin, kí ó sì dúró di ìgbà tí wọ́n bá pè é. Lónìí, ọ̀ràn náà ti yàtọ̀. Àdúgbò wo ni a kò ti lè rí ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ti sọ yàrá kan nínú ilé bàbá rẹ̀ di sítúdíò? Kọ̀ǹpútà kan lórí tábìlì, máíkù kan lórí ọ̀pá, aṣọ ìbora tí a fi dí ojú fèrèsé, ó parí. Ibẹ̀ ni ẹgbẹ́ akọrin ti ń gba orin ìkórè wọn sílẹ̀. Ibẹ̀ ni oníṣòwò ti ń ṣe ìpolówó ọjà tí yóò gbé lọ sí ilé iṣẹ́ rédíò. Àwa tíṣà pàápàá ń lọ ka ẹ̀kọ́ síbẹ̀ fún àwọn ọmọ tí ń múra ìdánwò.

Ṣùgbọ́n àìsàn kan wà tí ó ń ṣe àwọn ọmọ wọ̀nyí. Bí orin tí wọ́n gbà kò bá dùn létí, wọn kì í wo yàrá, wọn kì í wo máíkù, wọn kì í wo bí akọrin ti dúró. Ohun tí wọn yóò wí ni pé, “Príáḿpù mi ni kò dára,” tàbí pé, “Bí mo bá pààrọ̀ kọnfátà mi, ohùn yóò mọ́ bíi ti Amẹ́ríkà.” Ẹ̀rọ méjèèjì yìí sì wọ́n. Owó ẹ́sùsú ọdún kan lè lọ sí i.

Ìyá kan tí ń ta àǹkárá ní ọjà wa, tí mo kọ́ ọmọ rẹ̀ ní ilé ìwé, wá bá mi pẹ̀lú ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù lọ́wọ́. Ọmọ náà fẹ́ kí ìyá dúró fún òun láti yáwó. Ẹgbẹ́ akọrin kan ti gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní ariwo pọ̀ nínú orin tí ó gbà fún wọn, ẹgbẹ́ kejì sì ti ń ṣe iyè méjì. “Tíṣà,” ni ìyá wí, “ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò. Bí ó bá jẹ́ ohun tí ọmọ yóò fi jẹun ni, n óò fọwọ́ sí i. Bí ó bá sì jẹ́ ohun ìṣeré, ẹ má fi bò fún mi.” Mo ní, “Ìyá, ẹ má tíì fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ lọ gbọ́ ọ.” Nítorí irú ìyá bẹ́ẹ̀ àti irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ èyí, nítorí wọn kò ṣọ̀wọ́n.

Kí ni à ń pè ní príáḿpù? Bí ènìyàn bá sọ̀rọ̀ sí máíkù, máíkù a sọ ohùn náà di iná, ṣùgbọ́n iná náà kéré jọjọ. Bí ẹ bá pín fóòtì kan ṣoṣo sí ọ̀nà 1,000, ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ lè máà ju ìpín kan tàbí méjì lọ. Kò sí ẹ̀rọ tí ó lè fi irú èyí ṣe iṣẹ́ gidi. Príáḿpù ni ó ń gba iná wẹ́wẹ́ náà tí ó ń sọ ọ́ di ńlá. Bí ó bá sọ ọ́ di ìlọ́po 1,000, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ a ní ó fi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 60 kún un.

Ẹ fi wé bàbá arúgbó kan tí ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀, tí ó ń sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé, tí a wá fi ọmọkùnrin kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa tún ọ̀rọ̀ náà sọ sókè. Bí ọmọkùnrin yìí bá ń wúkọ́, gbogbo ìpàdé ni yóò gbọ́ ikọ́ rẹ̀. Kò sí príáḿpù tí kì í wúkọ́. Ikọ́ tirẹ̀ ni “ṣíìì” tí à ń gbọ́ lábẹ́ orin. Ohun tí àwọn ọlọ́jà kì í sọ ni pé máíkù fúnra rẹ̀ ní ariwo kékeré kan tí ó ti inú wáyà rẹ̀ wá, tí owó kankan kò lè mú kúrò. Príáḿpù tí ó dára lóde òní, títí kan ọ̀pọ̀ nínú èyí tí kò wọ́n, ti súnmọ́ òpin yìí débi pé ìwọ̀nba dẹ́síbẹ́ẹ̀lì díẹ̀ ni ó kù. Ẹni tí ó bá san ìlọ́po mẹ́wàá owó kò lè rí ìlọ́po mẹ́wàá ìdákẹ́jẹ́ rà.

Máíkù pàápàá kò dọ́gba. Èyí tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹdẹ́ńsà, tí ó ń jẹ fóòtì 48 tí sound card ń fi ránṣẹ́ sí i nínú wáyà kan náà tí ohùn ń gbà bọ̀, a máa mú ohùn tí ó lágbára jáde. Èyí tí kì í jẹ iná, irú bíi Shure SM58 tí ó dé ọjà ní 1966, tí àwọn oníwàásù àti olórin ń dì mú káàkiri ayé, kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀ SM7B, tí àwọn oníròyìn fẹ́ràn, tún rọlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó fẹ́ bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 60 kí ohùn rẹ̀ tó tó. Ọ̀pọ̀ sound card kékeré ti ìgbà díẹ̀ sẹ́yìn kò lè fún un ju bíi 50 tàbí 56 lọ. Bí ẹ bá wá yí bọ́tìnnì rẹ̀ dé òpin, ikọ́ dé nìyẹn.

Kọnfátà ńkọ́? Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé kí ó sọ iná tí príáḿpù ti sọ di ńlá di nọ́ńbà, nítorí nọ́ńbà nìkan ni kọ̀ǹpútà mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Alec Reeves, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí ó ń ṣiṣẹ́ tẹlifóònù ní Paris, ni ó gbé èrò yìí jáde ní 1937. Ọjọ́ pẹ́ kí ó tó dé ilé onílé: 1982 ni àwo CD bọ́ sí ọjà. Ẹ rántí ìwé onílà kéékèèké tí a fi ń kọ́ ọmọ ní gíráàfù. Kọnfátà ń fi àmì tò sórí irú ìwé bẹ́ẹ̀, ìgbà 44,100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo fún àwo CD. Ìdí tí wọ́n fi mú iye yìí kò ṣòro. Etí ọmọ ènìyàn kì í gbọ́ ohùn tí ó gbọ̀n ju bíi ìgbà 20,000 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá, ìṣirò sì fi hàn pé àmì gbọ́dọ̀ ju ìlọ́po méjì iye yẹn lọ kí a tó lè yà á padà bí ó ti rí. Ní ti bí a ṣe ń wọn gíga àmì kọ̀ọ̀kan, bíìtì 16 dà bí rúlà tí ó ní ìlà 65,536. Bíìtì 24 dà bí rúlà tí ó ní ìlà 16,777,216. Èyí kejì ni gbogbo sítúdíò ń lò báyìí.

Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ sí. Kọnfátà tí ó wà nínú sound card kékeré òde òní lè ya ohùn tí ó kéré jù lọ sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó pọ̀ jù lọ ní ìwọ̀n tí ó ju dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 100 lọ. Àwọn ọ̀gá nínú wọn ń dé 120 àti díẹ̀ lé. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wá sí yàrá wa. Bí ariwo òde bá wà ní ìwọ̀n 40 nínú yàrá, tí akọrin sì pariwo dé 100, ìyàtọ̀ àárín wọn jẹ́ 60 péré. Kí ni ẹni tí ó ní garawa omi kan ń fi àgbá ńlá ṣe? Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé kọnfátà ni ohun ìkẹyìn tí ó yẹ kí onísítúdíò ilé pààrọ̀, bí èyí tí ó ní kò bá ti bàjẹ́.

Nígbà tí mo dé yàrá ọmọ ìyá aláǹkárá, a ṣe àyẹ̀wò kan tí ẹnikẹ́ni lè ṣe láìná kọ́bọ̀. A gba ìdákẹ́jẹ́ sílẹ̀ fún ìdajì ìṣẹ́jú, máíkù ní ibi tí ó máa ń wà. Lẹ́yìn náà, a fi aṣọ púpọ̀ wé máíkù kan náà, a tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, a sì tún gba ìdákẹ́jẹ́ láìfọwọ́ kan bọ́tìnnì kankan. Ariwo tí ó bá lọ, ti yàrá ni. Èyí tí ó bá kù, ti ẹ̀rọ ni. Nínú gbígbà àkọ́kọ́, a gbọ́ fáànù, a gbọ́ fíríìjì obìnrin tí ń ta omi tútù ní ẹ̀yìn ògiri, a gbọ́ jẹnẹrétọ̀ lókèèrè. Nínú ìkejì, gbogbo ìwọ̀nyí pòórá, ṣùgbọ́n “ṣíìì” kan ṣẹ́kù tí kò kéré. Ọmọ náà kò purọ́, príáḿpù rẹ̀ kò tó fún máíkù tí ó ń lò. Ṣùgbọ́n ìyẹn kò tó ìdajì ọ̀ràn náà, kọnfátà kò sì sí nínú rẹ̀ rárá.

Mo ní kí ó jẹ́ kí akọrin súnmọ́ máíkù. Nígbà tí akọrin kúrò ní ọ̀nà jíjìn tí ó sì dúró ní bí ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan sí máíkù, ohùn wọlé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, bọ́tìnnì sì padà sẹ́yìn. Fún ìyókù, ohun tí ó rà ni ẹ̀rọ kékeré kan tí kò ju ọwọ́ lọ, irú èyí tí Cloudlifter jẹ́, tí ó ń jẹ fóòtì 48 tí ó sì ń fi bíi dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 25 kún ohùn máíkù tí kì í jẹ iná kí ó tó dé sound card. (Kò wúlò fún kọ̀ǹdẹ́ńsà o.) Ìyá fọwọ́ sí owó kékeré. Fóòmù àtijọ́ méjì ni wọ́n fi ti ògiri, wọ́n sì bá obìnrin olómi sọ̀rọ̀ pé kí ó máa pa fíríìjì rẹ̀ fún wákàtí méjì ní ọjọ́ tí iṣẹ́ bá wà; wọ́n ń fún un ní nǹkan díẹ̀ lórí rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin kejì kò kúrò.

Ìgbé yàrá ni ọ̀tá gidi. Ògiri sìmẹ́ńtì a máa dá ohùn padà bí kòtò, òjò lórí páànù kì í bẹ ẹnikẹ́ni, kò sì sí kọnfátà tí ó lè yọ ìwọ̀nyí kúrò. Ẹ wo ọmọbìnrin ará Amẹ́ríkà nì, Billie Eilish. Inú yàrá tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Finneas ń sùn nínú ilé òbí wọn ní Los Angeles ni wọ́n ti ṣe àkójọ orin rẹ̀ tí ó jáde ní 2019, ní January 2020 ó sì gba ẹ̀bùn Grammy márùn-ún, pẹ̀lú ti àkójọ orin ọdún. Wọ́n ní ẹ̀rọ tí ó dára, èmi kò sọ pé wọn kò ní. Ṣùgbọ́n yàrá kékeré tí ó ní ibùsùn, tí ohùn kì í fò káàkiri nínú rẹ̀, ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ pẹ̀lú.

Àwọn ọmọ wa a tún máa dárúkọ Neve bí ẹni ń ki oríkì. Ọ̀gbẹ́ni Rupert Neve, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n bí ní 1926 tí ó sì kú ní 2021, ni ó ṣe príáḿpù tí wọ́n ń pè ní 1073, tí ó jáde ní 1970. Títí di òní, ilé iṣẹ́ púpọ̀ ló ń ṣe àdàkọ rẹ̀. Tíránsífọ́mà wà nínú rẹ̀. Bí a bá sì tì í síwájú díẹ̀, a máa fi adùn kan kún ohùn. Adùn náà kì í ṣe àròsọ. Ṣùgbọ́n bí irú nínú ọbẹ̀ ni: ó ń mú ọbẹ̀ ta sánsán, kò sì lè sọ ẹran tí ó ti bàjẹ́ di tútù.

Ta ni ó wá yẹ kí ó ra príáḿpù àti kọnfátà tuntun? Ẹni tí ń gba ìlù ni. Bí ẹ bá gbé ìyáàlù, kẹríkẹrì, gángan àti gúdúgúdú kalẹ̀ pẹ̀lú akọrin, ihò máíkù méjì kò lè tó. Bí gbogbo wọn bá sì wọlé papọ̀, ẹ kò ní lè dín gúdúgúdú kù láìdín ìyáàlù kù. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè ra àpótí oníhò mẹ́jọ tí ó ní príáḿpù mẹ́jọ àti kọnfátà nínú, kí ó fi wáyà oníná-títàn kan ṣoṣo, tí wọ́n ń pè ní ADAT, so ó mọ́ sound card tí ó ti ní, bí ìyẹn bá ní ihò fún un. Wáyà náà ń gbé ohùn mẹ́jọ bí a bá ń fi àmì 48,000 sí ìṣẹ́jú àáyá; bí a bá sọ ọ́ di 96,000, mẹ́rin ni yóò gbé. Owó tí ó bá lọ síbẹ̀ ń mú iṣẹ́ tí a kò lè ṣe tẹ́lẹ̀ wá.

Bí ó bá jẹ́ príáḿpù kan ṣoṣo ni ẹ rà, ẹ má fi wáyà rẹ̀ sínú ihò máíkù ti sound card. Ẹ̀ẹ̀mejì ni ohùn yóò gba inú príáḿpù bí ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, ti àtijọ́ yóò sì tún wúkọ́ sí ti tuntun lára. Ihò tí a kọ “line” sí ni ẹ ó lò. Ẹ má sì jẹ́ kí iná pupa tàn. Lórí bíìtì 24, bí ibi tí ohùn ga jù bá dúró ní dẹ́síbẹ́ẹ̀lì 12 sí ìsàlẹ̀ òpin, ó tó. Ohùn tí ó bá ti kọjá òpin ti fọ́ nìyẹn.

Kí ẹ tó sanwó ní ìsọ̀, ẹ ní kí ọlọ́jà fi ẹ̀rọ àtijọ́ yín àti tuntun gba ohùn kan náà, kí ẹ mú kí méjèèjì dún dọ́gba gan-an, nítorí èyí tí ó bá fi díẹ̀ pariwo jù ni etí máa ń yàn. Kí ẹlòmíràn máa tẹ̀ ẹ́ fún yín lẹ́yìn yín láìsọ èyí tí ó jẹ́. Kí ẹ sì yẹ máíkù wò dáadáa, nítorí ayédèrú Shure pọ̀ lọ́jà, àwọn tí ń ṣe ojúlówó fúnra wọn ti kìlọ̀ nípa rẹ̀. Èyí tí owó rẹ̀ bá fi púpọ̀ lọ sílẹ̀ ju ti ìsọ̀ mẹ́ta mìíràn lọ, ẹ fi í sílẹ̀ fún ẹni tí ó gbé e wá.