Kóńgò Tí A Fi Ń Wọn Owó Òkèèrè

Ẹ̀yin ará àdúgbò, bí ẹnì kan nínú yín bá ti gba físà, tó ti ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó wá ku kó ra pọ́n-ùn tí yóò ná ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ má jẹ́ kí àyà rẹ̀ já. Ẹni tó bá ti ra gààrí rí lọ́wọ́ alágbàtà lè ra owó òkèèrè. Ọjà ni pọ́n-ùn, ọjà ni dọ́là. Wọ́n ní ẹni tó ń tà wọ́n, wọ́n ní iye tí wọ́n ń lọ lónìí, wọ́n sì ní kóńgò tí wọ́n fi ń wọ̀n wọ́n fúnni. Orí kóńgò yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá alágààrí. Bí ará oko bá gbé àpò gààrí wá bá a, iye kan ló máa fi rà á. Bí ẹ̀yin bá dé láti rà, iye tó ga ju ìyẹn lọ ló máa pè fún yín. Àárín méjèèjì ni èrè rẹ̀ wà. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ti ẹni tó ń ta owó: iye kan ló fi ń rà lọ́wọ́ ẹni tó ti òkèèrè dé, iye mìíràn ló fi ń tà fún ẹni tó ń lọ. Ẹ̀yin tó ń lọ, iye títà ló kàn yín. Èyí tí ẹ gbọ́ lórí rédíò sábà máa ń jẹ́ iye tí àwọn báńkì fi ń bá ara wọn ṣòwò. Iye ibi tí wọ́n ti ń yan gààrí nìyẹn. Ta ló máa retí kí ó bá a lọ́jà Bódìjà?

Iye náà kì í dúró sójú kan. Bí ẹ̀gẹ́ bá wọ́n, gààrí á gbówó lórí. Bí àwọn tó ń wá dọ́là bá pọ̀ ju dọ́là tó wà nílẹ̀ lọ, òun náà á gbówó lórí. A rí i kedere ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà ní kí ọjà máa pinnu iye náírà: dọ́là tí kò tó 500 náírà ní báńkì kọjá 600 láàárín ọjọ́ díẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ìrìn àjò rẹ̀ bá ku oṣù mélòó kan, kó máa rà á díẹ̀díẹ̀, bí a ṣe ń ra gààrí pamọ́ kí ọ̀wọ́n tó dé.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin tó mọ ọjà mọ̀ pé iye tí wọ́n pe kóńgò kan kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ ti rí kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀ wọnú. Gààrí kún un dé òkè, ó tún ga ṣóńṣó, àmọ́ bí ẹ bá dà á sínú abọ́ tiyín nílé, ẹ ó rí i pé ó dín. Irú kóńgò bẹ́ẹ̀ wà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta owó náà. Ọ̀kan á pe iye tó wuni, á wá yọ owó iṣẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Òmíràn á ní òun kì í gba owó iṣẹ́, kó sì jẹ́ pé inú iye tó pè ló ti rọ́ ọ sí.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní mílíọ̀nù kan náírà lẹ mú dání. Ẹnì kan ń ta pọ́n-ùn kan ní 2,000 náírà, kò sì yọ nǹkan kan mọ́: 500 pọ́n-ùn lẹ máa gbà. Ẹnì kejì ń tà á ní 1,980 náírà, ṣùgbọ́n ó ń yọ 15,000 náírà: 985,000 ló kù láti fi rajà, pọ́n-ùn tó máa jáde níbẹ̀ kò sì pé 498. Ẹni tó pe iye tó kéré ni ọjà rẹ̀ wọ́n jù. Ẹ máa bi olúkúlùkù wọn léèrè pé, "Bí mo bá san iye báyìí, pọ́n-ùn mélòó ló máa wọ ọwọ́ mi?" Abọ́ tiyín nìyẹn. Inú rẹ̀ ni kí ẹ ti wọn ọjà gbogbo ènìyàn.

Báńkì yín ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Owó òkèèrè tí wọ́n ń pè ní PTA ni wọ́n ń tà fún ẹni tó ń rìnrìn àjò láti Nàìjíríà, kò gbọ́dọ̀ ju 4,000 dọ́là lọ láàárín oṣù mẹ́ta. Ti ẹni tó ń lọ ṣòwò, ìyẹn BTA, jẹ́ 5,000. Fọ́ọ̀mù A lẹ máa kọ, ẹ ó sì mú ìwé ìrìnnà, físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti nọ́ńbà BVN dání. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ pàṣẹ pé kí àwọn báńkì má ka owó yìí síni lọ́wọ́ mọ́, kí wọ́n máa san án sórí káàdì tàbí nípa ọ̀nà ẹ̀rọ mìíràn. Ẹ tètè bẹ̀rẹ̀, torí ìwé kan tí kò pé lè dá yín dúró. Kéèṣì díẹ̀ tí ẹ máa mú dání, ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ ni kí ẹ ti rà á. Iye tí àbókí ẹ̀bá títì pè lè dùn létí, ṣùgbọ́n bí ayédèrú bá wà nínú rẹ̀, ìsọ̀ wo lẹ máa dá a padà sí?

Ẹ yẹ ọjà náà wò pẹ̀lú. Ọ̀pọ̀ wa ló ní pọ́n-ùn àtijọ́ tí ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò fi ránṣẹ́, tó wà lábẹ́ aṣọ nínú àpótí. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, owó oníbébà ti kúrò lọ́jà: ti 5 pọ́n-ùn ní 2017, ti 10 ní 2018, ti 20 àti 50 ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022. Àwọn tó ń ná báyìí ń dán bí ọ̀rá. Ojú Ọba Charles wà lára àwọn tó jáde láti oṣù Kẹfà ọdún 2024, àwọn ọlọ́ràá tó ní ojú Ọbabìnrin Elizabeth sì ń ná síbẹ̀. Ẹ má san náírà fún oníbébà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Èyí tó bá ti wà lọ́wọ́ yín kò sọnù, torí Bank of England ṣì ń gbà á, ó sì ń pààrọ̀ rẹ̀. Àmọ́ ṣọ́ọ̀bù kò ní gbà á.

Káàdì kò ṣe é fi sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù. Láti oṣù Keje ọdún 2014 ni bọ́ọ̀sì ìlú náà kò ti gba kéèṣì mọ́. Ibi tí ẹ bá ti ń lo káàdì, ẹ ṣọ́ kóńgò tí wọ́n lu ìdí rẹ̀. Ẹ̀rọ ATM tàbí ti ṣọ́ọ̀bù lè bi yín pé: ṣé pọ́n-ùn ni kí òun fi gba owó yìí, àbí owó ilé yín? Owó ilé lojú á fẹ́ yàn, torí òun la mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, pọ́n-ùn ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá yan náírà tàbí dọ́là, kóńgò ẹni tó ni ẹ̀rọ ni wọ́n máa fi wọ̀n ọ́n fún yín, èrè tirẹ̀ á sì ti wà nínú rẹ̀. Bí ẹ bá yan pọ́n-ùn, ilé-iṣẹ́ tó ni káàdì àti báńkì yín ló máa ṣírò rẹ̀, tiwọn sì sábà máa ń sàn jù. Bí ATM bá sì ń yọ owó iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, ó sàn kí ẹ gba èyí tó máa tó yín lẹ́ẹ̀kan náà ju kí ẹ máa gbà á ní kékeré kékeré.

Ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan ṣoṣo. Kí káàdì kan wà lára yín, kí èkejì wà nínú ẹrù, kí kéèṣì díẹ̀ wà lọ́tọ̀. Bí kéèṣì tí ẹ ń kó jáde ní Nàìjíríà bá ju 10,000 dọ́là lọ, tàbí tí èyí tí ẹ ń kó wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bá tó 10,000 pọ́n-ùn, ẹ sọ fún kọ́sítọ́ọ̀mù. Wọn kò ní ká má kó owó dání. Fífi pamọ́ ló ń dá wàhálà sílẹ̀.

Bí àbọ̀ bá kù díẹ̀, ẹ ná ẹyọ owó wẹ́wẹ́ tán níbẹ̀, torí àwọn tó ń ra owó kì í sábà gbà á. Owó ọlọ́ràá tó bá ṣẹ́kù, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ tún ń lọ, inú àkáùntì owó òkèèrè yín ní báńkì ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ẹ bá tà á lónìí, iye kékeré tó fi ń rà lọ́wọ́ ará oko ni alágbàtà máa san. Bí ẹ bá tún padà wá rà á lọ́dún tó ń bọ̀, iye ńlá ló máa gbà. Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ máa fún un ní èrè lórí owó kan náà.