Ìdọ́gba àti Ìwọ̀n Ìṣeéṣe: Èdè-ìperí fún Àtúnyẹ̀wò Ìṣirò ṣáájú Ìdánwò Àṣekágbá

1. Ìfáárà

Ẹ̀ka méjì kan wà nínú iṣẹ́ ìṣirò ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń tún kà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nígbà tí ìdánwò àṣekágbá WAEC bá kù sí dẹ̀dẹ̀. Èkínní ni áljẹ́brà, èkejì sì ni ìṣirò ìṣeéṣe. Nítorí pé orí ìwé tí a fi kọ́ wọn jìnnà síra, ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ a máa rò pé wọn kò bára tan. Wọn a há òfin ti ọ̀tún sórí, wọn a há ti òsì sórí, wọn a sì da méjèèjì pọ̀ nígbà tí wọ́n bá wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Láti ọdún 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá ṣe agbátẹrù rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ (tí a yí orúkọ rẹ̀ padà sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní 1987) ti fi hàn pé a lè fi èdè Yorùbá kọ́ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìṣirò láti ọdún kìíní dé ọdún kẹfà. Ṣùgbọ́n ibi tí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ parí sí ni iṣẹ́ náà dúró. Ní ilé-ẹ̀kọ́ sẹ́kọ́ńdìrì, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a fi ń kọ́ ìṣirò, òun náà ni a sì fi ń ṣe ìdánwò rẹ̀. Ohun tí ó ń bọ̀ lẹ́yìn èyí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ lè gbé ọ̀rọ̀-ìperí wọ inú ìdánwò láìní àwòrán kankan lọ́kàn nípa iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́.

Àlàyé tí ó wà nísàlẹ̀ yìí yóò fi hàn pé iṣẹ́ kan ni ó so ẹ̀ka méjèèjì pọ̀, iṣẹ́ náà sì ti wà nínú òǹkà Yorùbá tipẹ́: kí a fi odidi tí a mọ̀ wá ohun tí ó dín.

2. Áljẹ́brà: mímú ohun tí ó dín bọ̀ sípò

Láti inú èdè Lárúbáwá ni orúkọ áljẹ́brà ti wá. Al-Khwarizmi, onímọ̀ kan tí ó gbé ní Bagdad, kọ ìwé kan ní nǹkan bí ọdún 820 tí ó ní ọ̀rọ̀ al-jabr nínú orúkọ rẹ̀. Ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà ni kí a mú ohun tí ó yẹ̀ tàbí tí ó ṣẹ́ bọ̀ sípò. A máa ń lò ó fún títo eegun pẹ̀lú. Nínú ìṣirò, ohun tí al-Khwarizmi ń sọ ni pé bí a bá yọ iye kan kúrò ní apá kan ìdọ́gba, kí a fi iye náà kún apá méjèèjì, kí èyí tí ó dín lè pé.

Ẹni tí ó ń fi Yorùbá kà ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lójoojúmọ́. Mẹ́tàdínlógún ni 20 tí 3 ti dín nínú rẹ̀. Bí x bá jẹ́ mẹ́tàdínlógún, a lè kọ ọ́ báyìí: x = 20 − 3. Bí a bá fi 3 kún apá méjèèjì, x + 3 = 20; ogún ti pé. Màrúndínláàádọ́ta tún jinlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Àádọ́ta fúnra rẹ̀ jẹ́ ọgọ́ta tí 10 dín nínú rẹ̀, ọgọ́ta sì jẹ́ ogún mẹ́ta. Nítorí náà 45 = (20 × 3) − 10 − 5. Ọmọ tí ó bá lè pe 45 ti tẹ̀lé ìlànà ìsọdipúpọ̀ àti ìyọkúrò létòlétò, bí kò tilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Èyí ni ó mú kí ọ̀rọ̀ tí a sábà máa ń gbọ́ nínú kíláàsì, pé "bí iye bá kọjá sí òdìkejì, àmì rẹ̀ a yí padà", má tó fún àtúnyẹ̀wò. Kò sí iye tí ó ń rìn kọjá. Ìdọ́gba dàbí òṣùwọ̀n alápá méjì: ohun tí a bá ṣe sí apá kan ni a gbọ́dọ̀ ṣe sí èkejì kí ó má baà fì. Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ yìí:

3(x − 4) = x + 10

Ohun tí ó wà nínú àkámọ́ jẹ́ odidi kan. Ìlọ́po mẹ́ta odidi náà ni a fẹ́. Nítorí náà 3 gbọ́dọ̀ kan x, ó sì gbọ́dọ̀ kan 4 pẹ̀lú: 3x − 12 = x + 10. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ 3x − 4 ti sọ x nìkan di púpọ̀, ó sì ti gbàgbé 4 sínú àkámọ́. Bí a bá fi 12 kún apá méjèèjì, 3x = x + 22. Bí a bá yọ x kúrò ní apá méjèèjì, 2x = 22. Nípa bẹ́ẹ̀, x = 11. Kí a tó kúrò níbẹ̀, ó yẹ kí a dán an wò: apá òsì jẹ́ 3 × 7, èyí tí í ṣe 21, apá ọ̀tún jẹ́ 11 + 10, èyí tí í ṣe 21. Ìdánwò-ara-ẹni yìí kì í gba àkókò, ṣùgbọ́n òun ni ó ń yọ ọ̀pọ̀ àṣìṣe kúrò kí olùyẹ̀wò tó rí wọn.

3. Orúkọ tí ó tọ́ sí ẹ̀ka kejì

Ó yẹ kí a ṣọ́ra nípa orúkọ tí a ó fún ẹ̀ka kejì. Bí a bá pè é ní "oríire" tàbí "àǹfààní", a ti fi rere sínú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìṣirò yìí kan àìsàn àti jàǹbá gẹ́gẹ́ bí ó ti kan èrè. Bí a bá sì pè é ní "ìṣeéṣe" lásán, ọ̀rọ̀ náà kò pé. Ẹni tí ó bá sọ pé ó ṣeé ṣe kí òjò rọ̀ kò tíì sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó. Òjò oṣù Kẹfà ṣeé ṣe, ti oṣù Kìíní náà ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ìwọ̀n wọn kò dọ́gba.

Nítorí náà, "ìwọ̀n ìṣeéṣe" ni ó bá iṣẹ́ mu jù lọ, nítorí pé iye ni ohun tí a ń wá. Iye náà kò lè kéré ju òdo lọ, kò sì lè tóbi ju 1 lọ. Òdo ni ti ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀. 1 ni ti ohun tí kò lè ṣàìṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ní "ìwọ̀n" lọ́kàn yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀ pé ìdáhùn 7/5 kò lè jẹ́ òótọ́, yóò sì padà lọ wá ibi tí ó ti ṣìnà.

Bí gbogbo àbájáde bá ní agbára kan náà láti ṣẹlẹ̀, ìwọ̀n ìṣeéṣe ìṣẹ̀lẹ̀ kan ni iye àbájáde tí ó bá ìṣẹ̀lẹ̀ náà mu, tí a fi iye gbogbo àbájáde pín. Gbólóhùn tí ó bẹ̀rẹ̀ ìlànà yìí, "bí gbogbo àbájáde bá ní agbára kan náà", ni akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń fò.

4. Àbájáde tí ó dọ́gba àti èyí tí kò dọ́gba

Àpẹẹrẹ méjì láti inú àṣà Yorùbá yóò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí yé wa. Òǹkà nìkan ni a ń sọ níhìn-ín. Ohun tí àwọn babaláwo gbà pé ó ń darí ohun tí wọ́n ń dà kì í ṣe ohun tí ìṣirò lè dá lẹ́jọ́.

Ọ̀pẹ̀lẹ̀ ní ẹ̀sẹ̀ méjì, èso mẹ́rin sì wà lórí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Èso kọ̀ọ̀kan lè dojú dé tàbí kí ó ṣíjú sókè. Ọ̀nà méjì fún èso kọ̀ọ̀kan, èso mẹ́jọ: 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 × 2 = 256. Iye Odù Ifá náà nìyẹn. Mẹ́rìndínlógún nínú wọn ni ojú odù, níbi tí ẹsẹ̀ ọ̀tún ti bá ti òsì dọ́gba. Bí a bá gbà pé ojú méjèèjì èso kọ̀ọ̀kan ní agbára kan náà, ìwọ̀n ìṣeéṣe pé ojú odù ni yóò hù jẹ́ 16/256, èyí tí í ṣe 1/16. Ti Èjì Ogbè nìkan jẹ́ 1/256.

Nínú ẹ́ẹ̀rìndínlógún, owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún ni a ń dà, a sì ń ka iye èyí tí ó lajú sókè. Ìdáhùn lè jẹ́ òdo títí dé 16, èyí tí ó jẹ́ oríṣi 17. Ǹjẹ́ ìwọ̀n ìṣeéṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1/17? Rárá. Ọ̀nà kan ṣoṣo ni gbogbo owó ẹyọ fi lè lajú. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí mẹ́jọ fi lè lajú, tí mẹ́jọ sì dojú dé, jẹ́ 12,870, nínú ọ̀nà 65,536 tí owó ẹyọ mẹ́rìndínlógún lè gbà balẹ̀. Bí ojú méjèèjì owó ẹyọ bá ní agbára kan náà, ti mẹ́jọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 1/5, nígbà tí ti mẹ́rìndínlógún jẹ́ 1/65,536. Bákan náà, a kò lè gbà láìdán an wò pé owó ẹyọ kò ní ojú kan tí ó fẹ́ràn láti fi balẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ fún olùdánwò ni pé kíka orúkọ àbájáde kò tó. Ọ̀nà tí àbájáde kọ̀ọ̀kan fi lè wáyé ni a gbọ́dọ̀ kà.

5. "Tàbí", "àti", "ó kéré tán"

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí ni ó gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìbéèrè ró. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, ẹni tí a bá bi pé ṣé ẹ̀kọ tàbí àmàlà ni yóò jẹ mọ̀ pé ọ̀kan ni kí òun mú. Nínú ìṣirò, "tàbí" gba kí méjèèjì ṣẹlẹ̀ pọ̀. Bí a bá kọ 1 títí dé 20 sórí páálí ogún, tí a sì fa ọ̀kan yọ, kí ni ìwọ̀n ìṣeéṣe pé 3 tàbí 5 yóò lè pín in láìṣẹ́kù? Iye tí 3 lè pín jẹ́ 6: 3, 6, 9, 12, 15, 18. Iye tí 5 lè pín jẹ́ 4: 5, 10, 15, 20. Ẹni tí ó bá ro wọ́n pọ̀ lásán yóò rí 10, ṣùgbọ́n ó ti ka 15 lẹ́ẹ̀mejì. A ó yọ ọ̀kan kúrò; ìdáhùn jẹ́ 9/20.

"Àti" ń béèrè pé kí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì jọ wáyé. Ìsọdipúpọ̀ ni a fi ń wá a, ṣùgbọ́n a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ béèrè bóyá ti àkọ́kọ́ ti yí ìwọ̀n ti èkejì padà.

Ní ti "ó kéré tán", òǹkà Yorùbá tún ràn wá lọ́wọ́. Bí a bá ju owó onírin sókè lẹ́ẹ̀mẹta, kí ni ìwọ̀n ìṣeéṣe pé yóò fi ojú hàn ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan? A lè ka ti ẹ̀ẹ̀kan, ti ẹ̀ẹ̀mejì àti ti ẹ̀ẹ̀mẹta, kí a rò wọ́n pọ̀. Ọ̀nà tí ó yá jù ni kí a bẹ̀rẹ̀ láti inú odidi, kí a yọ èyí tí a kò fẹ́. Kí ojú má hàn rárá jẹ́ 1/8. Nítorí náà ìdáhùn jẹ́ 1 − 1/8, èyí tí í ṣe 7/8. Bí mọ́kàndínlógún ti jẹ́ ogún tí ó dín kan, bẹ́ẹ̀ ni "ó kéré tán ẹ̀ẹ̀kan" jẹ́ odidi tí ó dín "rárá".

6. Ibi tí ẹ̀ka méjèèjì ti pàdé

Ìbéèrè tí ó máa ń dẹ́rù ba akẹ́kọ̀ọ́ jù ni èyí tí ó da ẹ̀ka méjèèjì pọ̀. Ká ní ọsàn wà nínú apẹ̀rẹ̀ kan, tí a kò mọ iye rẹ̀. Mẹ́rin nínú wọn ti bàjẹ́. Ẹnì kan di ojú, ó mú ọ̀kan, kò dá a padà, ó sì tún mú òmíràn. Ìwọ̀n ìṣeéṣe pé méjèèjì ti bàjẹ́ jẹ́ 1/6. Ọsàn mélòó ni ó wà nínú apẹ̀rẹ̀?

Ibi pẹlẹbẹ ni a ti ń mú ọ̀ọ̀lẹ̀ jẹ. Kí a pe iye ọsàn ní n. Ti àkọ́kọ́ jẹ́ 4/n. Nígbà tí ọ̀kan tí ó bàjẹ́ bá ti kúrò, ó ku mẹ́ta tí ó bàjẹ́ nínú n − 1. Nítorí náà:

(4/n) × (3/(n − 1)) = 1/6

12/(n(n − 1)) = 1/6

n(n − 1) = 72

n² − n − 72 = 0

(n − 9)(n + 8) = 0

Bí ìsọdipúpọ̀ iye méjì bá jẹ́ òdo, ọ̀kan nínú wọn gbọ́dọ̀ jẹ́ òdo. Yálà n = 9 tàbí n = −8. Áljẹ́brà gba méjèèjì, ṣùgbọ́n apẹ̀rẹ̀ kò gba èkejì, nítorí pé kò sí ẹni tí í ka ọsàn tí ó dín ní òdo. Ọsàn 9 ni. Àyẹ̀wò: 4/9 × 3/8 = 12/72 = 1/6. Bí ó bá jẹ́ pé ó dá ti àkọ́kọ́ padà ni, ìwọ̀n náà ì bá jẹ́ 4/9 × 4/9, èyí tí í ṣe 16/81. Ọ̀rọ̀ kékeré náà, "kò dá a padà", ni ó mú ìyàtọ̀ wá.

7. Àkójọ ọ̀rọ̀-ìperí

Ìdọ́gba: gbólóhùn ìṣirò tí ó sọ pé apá méjì jẹ́ iye kan náà.
Iye àìmọ̀: iye tí a fi álífábẹ́ẹ̀tì dúró fún títí a ó fi rí i.
Ìmúbọ̀sípò: fífi ohun tí a yọ kún apá méjèèjì ìdọ́gba.
Àbájáde: ohun kan ṣoṣo tí ó lè jáde nínú ìdánrawò kan.
Ìṣẹ̀lẹ̀: àbájáde kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a ń wá ìwọ̀n rẹ̀.
Ìwọ̀n ìṣeéṣe: iye láti òdo dé 1 tí ó sọ bí ìṣẹ̀lẹ̀ ti lè wáyé tó.
Ìwọ̀n àìṣẹ̀: ohun tí ó kù nígbà tí a bá yọ ìwọ̀n ìṣeéṣe kúrò nínú 1.

8. Àgbálọgbábọ̀

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi kọ ìdáhùn rẹ̀, kò sì sí ẹni tí ó ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí òfin tí ó ní èdè tí ó gbọ́dọ̀ fi ronú. Ẹni tí ó bá mọ̀ pé mẹ́tàdínlógún jẹ́ ìdọ́gba, pé "ó kéré tán" jẹ́ odidi tí ó dín, tí ó sì mọ̀ pé ìwọ̀n kì í kọjá 1, ní ohun tí yóò gbé e dúró nígbà tí òfin tí ó há sórí bá sá lọ. Ó kù sí ọwọ́ àwọn olùkọ́ àti onímọ̀ èdè láti dán ọ̀rọ̀-ìperí wọ̀nyí wò nínú kíláàsì, kí wọ́n pa èyí tí ó bá ṣiṣẹ́ mọ́, kí wọ́n sì pààrọ̀ èyí tí kò bá ṣiṣẹ́.